Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọmọkùnrin Méjì Ilé Ẹ̀yìn

Alága ẹgbẹ́ onílé wa ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà rò ó kiri àdúgbò, èyí tí wọ́n ń rò nídìí igbá wàrà kò sì jọ èyí tí wọ́n ń rò ní ṣọ́ọ̀bù onísìmẹ́ǹtì. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Èmi náà ni mo ni ilé tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún Alága pé kò dáa kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn tún jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, ó ní ta ló kù nínú wa tó lè kọ Yorùbá kó já gaara? Ọdún 33 ni mo fi kọ́ ọmọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ó dáa náà. Òun rèé.

Tanke ni a wà, lápá ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin ti pọ̀ ju onílé lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Tanke, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí: ọmọ tí kò níṣẹ́ kan pàtó tó ń wa mọ́tò olówó ńlá, jẹnẹrétọ̀ tó ń ké mọ́jú, àti àwọn agbófinró tó ń fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn ní ìdájí torí àwọn ọmọ Yahoo. Bí ọmọkùnrin méjì bá gba ilé lágbègbè yìí, tí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ wọn, ojú tí a ó fi wò wọ́n ti ń dúró dè wọ́n kí wọ́n tó já ẹrù.

Bọ́ìsì-kọ́tà ẹ̀yìnkùlé mi ni wọ́n gbà, yàrá méjì, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Ọkùnrin ará Ọ̀mù-Àrán kan ló wá gbà á lórúkọ ìjọ rẹ̀. Owó ọdún méjì ló san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò yọ kọ́bọ̀. Ó yẹ kí n béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti ka owó ilé ọdún méjì sí lọ́wọ́ rí, tó sì jẹ́ opó, á mọ ìdí tí n kò fi béèrè.

Orúkọ ìjọ náà kò gba ojú ìlà kan lórí rìsíìtì mi: Ìjọ ti Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn. Mọ́mọ́nì ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ wọ́n sí. Ní 2018 ni ààrẹ ìjọ wọn nígbà náà, Russell Nelson, ní kí wọ́n jáwọ́ nínú orúkọ yẹn, àwọn ọmọ náà sì máa ń fi ẹ̀rín tún un ṣe fún mi bí mo bá gbàgbé. Mo rí i pé yóò rẹ̀ mí, mo wá ń pè wọ́n ní ọmọ ilé ẹ̀yìn. Mùsùlùmí ni èmi. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò sí lára owó ilé.

Oníwàásù tí ìjọ náà ń rán jáde ni wọ́n. Lásìkò tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ Zimbabwe, ìkejì jẹ́ ọmọ Akwa Ibom. N kò ní kọ orúkọ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ì bá ti kà á láyà wọn, torí báàjì dúdú kan wà lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọn tí wọ́n kọ "Elder" sí, oyè oníwàásù ọkùnrin nínú ìjọ wọn, kí wọ́n tó kọ orúkọ bàbá wọn tẹ̀ lé e. Mo ka èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sì gbójú sókè wá irùngbọ̀n. Kò sí irùngbọ̀n. Alàgbà, ọmọ ogún ọdún! Ọkùnrin tí wọ́n bá pè lálàgbà ní Ìlọrin níbí á ti sin òbí, á ti fọmọ fọ́kọ, eyín á ti máa já. Ìyá oníwàrà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi bi mí pé àgbà inú ẹgbẹ́ wo nìyẹn. Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Ká ní mo mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ń lọ, ǹ bá ti dá a lóhùn dáadáa.

Ìwé ẹ̀sùn dé ọwọ́ mi ní ìparí oṣù Kìíní, èèyàn 11 ló fọwọ́ sí i. Mo kà á ní ìpàdé gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé, pẹ̀lú ohun tí èmi fúnra mi mọ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ pé àwọn ọmọ náà kì í ya ara wọn. Bí ọ̀kan bá fẹ́ ra ata, ìkejì á tẹ̀ lé e. Bí ọ̀kan bá ń gé irun, ìkejì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì dúró dè é. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn, ọ̀tọ̀ ni bẹ́ẹ̀dì, yàrá kejì wà lófìfo, tábìlì ìkàwé ló wà níbẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n mulẹ̀ ni. Àwọn kan sọ ohun mìíràn tí n kò ní kọ síbí. Wọ́n tún ní obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé iwájú, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, lọ tọrọ iyọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn méjèèjì jáde síta, wọ́n gbé iyọ̀ náà lé wọn lọ́wọ́ níta gbangba, wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Ọmọkùnrin wo ní Tanke ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Òfin iṣẹ́ wọn ni gbogbo èyí. Méjì méjì ni wọ́n ń rán wọn, ẹnì kan kò sì gbọ́dọ̀ dá wà. Wọn kò gbọ́dọ̀ fẹ́ ọ̀rẹ́bìnrin, wọn kò gbọ́dọ̀ wà nínú ilé pẹ̀lú obìnrin láìsí ẹlòmíì. Oṣù 24 ni ọkùnrin fi ń ṣe é, obìnrin tó bá lọ ń ṣe oṣù 18. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Àwọn àti ẹbí wọn ló ń dá sí ìnáwó rẹ̀, ìjọ á wá fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sórí káàdì wọn. Ọmọ Zimbabwe yẹn ta ẹyin adìyẹ fún ọdún kan gbáko kó tó tó owó tirẹ̀ jọ. Wọn kì í sì yan ibi tí wọ́n ń lọ. Lẹ́tà ló máa ń ti Salt Lake City ní Amẹ́ríkà wá, níbi tí olú ìjọ wọn wà, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ labẹ gé. Ó ní South Africa lòun ń retí. Nígbà tó ka "Nàìjíríà" sókè, ìyá rẹ̀ sunkún. Mo bi í pé ẹkún ayọ̀ ni àbí ẹkún èwo. Ó ní òun ò tíì mọ̀.

Ẹ̀sùn kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, mọ́tò kan máa ń wá, nígbà mìíràn ọ̀kan á kó báàgì jáde, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí yóò bọ́ sílẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́jọ, ojú márùn-ún ni a ti rí ní ilé ẹlẹ́ni méjì. Ìyá oníwàrà dìde ní ìpàdé, kò pariwo, ó kàn béèrè pé: "Àwọn tó lọ dà?" Ilé dákẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ní àdúgbò tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Yahoo Plus lójoojúmọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo yìí tó láti mú kí onílé má sùn.

Àyípadà ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí ni: wọ́n á gbé ọ̀kan lọ sí Ìbàdàn, wọ́n á gbé òmíràn wá, kí ẹnikẹ́ni má baà fìdí múlẹ̀ síbì kan. Mo ti mọ èyí tipẹ́. Èyí tó lọ kó tó kan ọmọ Zimbabwe yìí tilẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Ọ̀rọ̀ tíì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìyàwó onísìmẹ́ǹtì pè wọ́n wọlé láàárọ̀ ọyẹ́ kan, ó po Lipton gbígbóná fún wọn pẹ̀lú mílíìkì. Wọ́n ní kó má bínú, àwọn kì í mu tíì, ẹ̀sìn àwọn kò gbà á. Kò bínú. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó gba ẹ̀yìnkùlé mi kọjá, ó rí wọn láti ojú fèrèsé, kọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ wọn, èéfín ń rú, agolo Milo wà lórí tábìlì. Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tí mo mọ̀, Milo, tíì ni. Bournvita, tíì ni. Ohun tó bá ti gbóná, tó dùn, tí a ń fi búrẹ́dì jẹ, tíì ni. Obìnrin náà wá kọ ọ́ sínú ẹ̀sùn pé wọ́n kọ tíì òun torí wọ́n rò pé òun fi nǹkan sí i, àti pé ẹni tó bá ń fura sí oúnjẹ ẹlòmíì mọ ohun tí òun náà ń fi sí oúnjẹ. Ewé tíì gan-an ni wọn kì í mu, àti kọfí, ọtí, àti tábà. Joseph Smith tó dá ìjọ wọn sílẹ̀ ní Ọlọ́run ló fi òfin náà rán òun ní 1833. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba Milo nínú rẹ̀. Sóbò pàápàá, bí omi ni wọ́n ń mu ún.

Wọ́n tún kọ ọ́ pé àárọ̀ Ọjọ́ Ajé gbogbo ni ọmọ Zimbabwe náà ń fi èdè tí kò sẹ́ni tó gbọ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí yóò máa rẹ́rìn-ín, nígbà mìíràn tí yóò máa nu ojú. Wọ́n ní oníbàárà òkè òkun ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ni. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìsinmi wọn, ọjọ́ tí wọ́n ń fọṣọ, tí wọ́n ń lọ sọ́jà, tí wọ́n sì ń bá ilé sọ̀rọ̀. Láti oṣù Kejì 2019 ni ìjọ ti gbà kí wọ́n máa pe ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọ Akwa Ibom yẹn ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lọ́dún, ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ ìyá. Ìyókù, lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rántí ọmọ tèmi tó wà ní Kánádà, tí kò sí òfin kankan tó dá a dúró.

Ẹ̀sùn ìkẹyìn ni àtẹ́wọ́. Wọ́n ní bí ọmọ Zimbabwe bá pàdé àgbà, á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, á sì rọra máa pàtẹ́wọ́, pá, pá, pá, bí ẹni ń pe nǹkan. Ẹni méjì nínú àwọn tó fọwọ́ síwèé ní láti ọjọ́ tó ti pa á sí àwọn lára ni ọjà ò ti tà.

Ibi tí èmi ti jẹ̀bi nìyí, ó sì yẹ kó wà nínú àkọsílẹ̀. Ó tó ìdajì ìwé ẹ̀sùn yẹn tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀ kí n tó kà á. Ọmọ náà ti ṣàlàyé àtẹ́wọ́ fún mi láti oṣù kejì tó dé. Èdè Shona ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Bí ọmọ Shona bá ń kí àgbà tàbí tó ń dúpẹ́, á pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ, obìnrin á ká a bí igbá. "Màmá," ó ní, "bí ẹ̀yin ṣe ń dọ̀bálẹ̀ nìyẹn." Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì jókòó ní ìpàdé, mo ka ẹ̀sùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ka nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, n kò sọ nǹkan kan. Mo bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé owó ilé ọdún méjì ti di mí lẹ́nu. Alága ní kí n yọ èyí kúrò. Mo ní n kò ní yọ ọ́.

Ìpàdé fi ọ̀rọ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọ̀dọ́ kò dúró dè é.

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kejì ni, nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Àwọn ọmọ náà wà nídìí kànga pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ṣan aṣọ. Àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́jọ àti fijilánté mẹ́ta já wọlé. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan gbá ọmọ Akwa Ibom létí torí ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ Zimbabwe rí i pé àgbà wà nínú àwọn tó dé, ó ṣe ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ: ó bẹ̀rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ dì í lọ́wọ́ mú! Ó fẹ́ pe ọfọ̀!" Wọ́n fi kóńdó nà án lọ́wọ́. Mo gbọ́ ìró igi lára eegun láti inú ilé ìdáná mi, mo sì sáré jáde láìwọ bàtà, pẹ̀lú orúnkún tí kò jẹ́ kí n kírun lóòró láti ọdún méjì.

N kò pẹ́ lórí bí mo ṣe pariwo. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń sọ ọ́.

Pálọ̀ Alága ni a kó wọn lọ. Mo pe ará Ọ̀mù-Àrán, ó sì dé láàárín wákàtí kan pẹ̀lú fáìlì: páṣípọ́ọ̀tù, ìwé ìgbélùú, àdéhùn ilé. Alága wo gbogbo rẹ̀ dáadáa, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìwé kì í já lọ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na fóònù náà sí mi. "Ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa."

Ìbá dáa kó jẹ́ pé irọ́ lásán ni gbogbo ẹ̀sùn. Àwòrán ni mo kọ́kọ́ rí: èèyàn méjì tó wọ aṣọ funfun láti ọrùn dé ẹsẹ̀, tó dúró nínú omi tó mu wọ́n dé ìbàdí, ọ̀kan gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Fijilánté kan ní, "Ẹ ò rí i?" Ará Ọ̀mù-Àrán ní ìrìbọmi ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, gbogbo ara ló gbọ́dọ̀ wọ omi. Ó dáa. Mo ṣí ibòmíràn. Orúkọ èèyàn ló wà níbẹ̀, wọ́n tó lọ kánrin: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ibi tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú àmì lórí máàpù, ọjọ́ tí wọ́n rí wọn kẹ́yìn, àti ọ̀rọ̀ kéékèèké lábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn. Ó ń wá iṣẹ́. Kò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀. Ẹ pè é lálẹ́ Ọjọ́rú.

Mo ka méje sókè. Mẹ́ta nínú wọn, ẹni tí a mọ̀ ni. Ọmọ Yahoo tó bá ń kó màgá jọ, ohun tí yóò kọ nípa wọn gan-an nìyí, n kò sì tijú láti sọ ọ́ pé àyà mi já.

Ọmọ Akwa Ibom ló ṣàlàyé, ètè rẹ̀ ti wú. Ó ní ṣé ẹ rántí pé wọ́n lè gbé ọ̀kan nínú wa kúrò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà? Ẹni tuntun tó dé kò mọ ẹnikẹ́ni nílùú. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyàwó ẹnì kan ń ṣàìsàn, ẹni tuntun á dé ibẹ̀, á máa béèrè oúnjẹ. Ìwé náà ló ń dúró nígbà tí àwa bá lọ. Àlàyé yìí yé mi. Ó yé Alága. Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan láti sọ sí i, mo sì sọ ọ́ fún wọn lójúkojú: ẹni tó sọ fún yín pé òun ń wá iṣẹ́ kò sọ fún yín pé kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àlejò tí yóò ti Ìbàdàn wá. Wọn kò fèsì. N kò rò pé èsì wà.

Nígbà náà ni ohun tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ jáde. Àáfà tó ń gbé ilé kẹta sí mi ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Kò sọ ti Yahoo. Ó jókòó jẹ́ẹ́ látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, ó wá béèrè bóyá orúkọ ọmọ òun wà nínú fóònù yẹn. Ọmọ ọdún 16 ni. Ó ti ń lọ sí ilé ẹ̀yìn lọ́jọ́ Sátidé láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Àáfà sì ti rí ìwé aláwọ̀ búlúù kan lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ìwé ti Mọ́mọ́nì ni, ìwé mímọ́ ìjọ wọn. "N kò bá yín jà," ó wí. "Ìlú yìí gba gbogbo èèyàn. Ọmọ mi ni mò ń béèrè."

Mo wá a. Ó wà níbẹ̀. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ sókè: bàbá rẹ̀ kò mọ̀, a ti sọ fún un pé a kò ní kọ́ ọ ní ohunkóhun tó kan ẹ̀sìn àfi tí bàbá rẹ̀ bá gbà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ará Ọ̀mù-Àrán fi kún un pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, wọn kì í rì í bọmi láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. A pe ọmọ náà wá. Ó ní òun ló tọrọ ìwé náà, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, òun wá mú un lórí tábìlì. Àáfà wo ọmọ rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "O jalè ní ilé oníwàásù," ó sì ṣẹlẹ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn èyí ni ilé tú ara ká díẹ̀. Alága, tó níyàwó méjì, béèrè bóyá kì í ṣe àwọn ló ń fẹ́ ìyàwó rẹpẹtẹ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n láti 1890 ni ìjọ ti kéde pé kó dúró. Ó mi orí bí ẹni pàdánù nǹkan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ni ní yunifásítì, tó tẹ̀ lé mi wá, bi wọ́n ní èyí tó le: ṣé lóòótọ́ ni pé ìjọ yín kò jẹ́ kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú di àlùfáà títí di 1978? Ọmọ Akwa Ibom kò yí i po. Ó ní lóòótọ́ ni, oṣù Kẹfà 1978 ni wọ́n tó yí i padà, pé àwọn kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà ti ń kọ lẹ́tà sí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rán ẹnikẹ́ni wá, àti pé oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n tó ri Anthony Obinna bọmi nílẹ̀ Ìgbò. "Àwọn bàbá wa ló kan ilẹ̀kùn," ó wí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ èèyàn tó bẹ́ẹ̀, òun kò ní kàn án. Kò sẹ́ni tó bínú sí ẹnì kejì. Ká ní kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni, ǹ bá ti jẹ́ kí wọ́n jókòó bá a lọ.

Ohun tí a fẹnu kò sí kò pọ̀. Bí ẹni tuntun bá dé, kí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ akọ̀wé lọ́jọ́ náà gan-an. Kí wọ́n má gba ọmọdé wọlé láìsí ọ̀rọ̀ òbí, Gẹ̀ẹ́sì o, ohunkóhun o. Alága bẹ̀ wọ́n lórúkọ àdúgbò. Ẹni tó lo kóńdó kò bẹ̀ wọ́n, ó ní iṣẹ́ òun ni òun ṣe. Ìyá oníwàrà gbé wàrà ránṣẹ́ lálẹ́, èyí tó dín pẹ̀lú ata, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Ohun kan kù tí n kò kà sókè ní pálọ̀ Alága. Orúkọ mi wà nínú ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ohun tó sọ rèé: "Màmá onílé. Opó. Mùsùlùmí ni, ẹ má wàásù fún un àfi tó bá béèrè. Orúnkún ń dùn ún. Àárọ̀ Sátidé, ẹ fa omi fún un, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹ jókòó díẹ̀. Ó fẹ́ràn láti sọ ìtàn." Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti ń fa omi fún mi. Mo rò pé ó wù wọ́n ni. Mo rò pé ìtàn ni wọ́n ń wá gbọ́, bí Ìlọrin Àfọ̀njá kò ṣe léégún, tó jẹ́ pé ẹṣin leégún ilé baba wọn. Àṣé èmi ni wọ́n ń tọ́jú. Inú bí mi, n kò sì mọ ibi tí inú ti ń bí mi gan-an. Mo pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní kí wọ́n pa orúkọ mi rẹ́. Ọmọ Zimbabwe, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, ní, "Ó dáa, Màmá."

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà ni mọ́tò wá gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ó wá dágbére fún mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbá ìkejì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ torí èyí tí wọ́n nà kò tíì san tán. Mo ká àtẹ́lẹwọ́ tèmi bí igbá, bí ó ṣe fi hàn mí, mo sì pa á padà fún un.

Ẹni tuntun dé lọ́jọ́ kan náà, ọmọ Liberia, kúkúrú, ó ń tijú. Wọ́n mú un wá kí n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, mo kọ ọ́, ó lọ sùn. N kò tíì bá a sọ ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbọ́ ìró okùn kànga kí oòrùn tó là dáadáa. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló wà nílẹ̀, òun sì ti jókòó sórí àpótí, ó ń retí mi.